Ìwọ̀nba Omi Tí Ó Dínà Mọ́ Òórùn

Nígbà tí mo ti ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ méje kan dé nínú ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, tí mo ṣí ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ àlejò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilé mi, òórùn tí ó jáde wá pàdé mi kò yàtọ̀ sí ti eku tí ó kú sínú àjà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí òkú eku níbẹ̀, kò sí aṣọ tútù, kò sí ohunkóhun bí kò ṣe síǹkì ìfọwọ́ kan tí ó mọ́ tónítóní, tí ó ń dán bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, tí mo sì fi imú ara mi tọ ipa òórùn náà dé ojú ihò rẹ̀. Mo da omi ọṣẹ díẹ̀ sí etí rẹ̀, mo fi kànìnkànìn nù ún, òórùn kò lọ. Mo wọ́n lọ́fínńdà sí gbogbo yàrá náà, òórùn àti lọ́fínńdà wá dàpọ̀, wọ́n bí ẹ̀kẹta tí ó burú ju àwọn méjèèjì lọ. Nígbẹ̀yìn ni mo ránṣẹ́ pe púlọ́ńbà àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa. Bàbá náà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan páìpù abẹ́ síǹkì náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó tẹ́tí sí i bí ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́, ó sì béèrè ife omi kan. Mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ni. Ó gba omi náà, ó dà á sínú síǹkì, ó ní, "Ọ̀fun rẹ̀ ló gbẹ, ọ̀gá. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ fún un ní wákàtí kan." Kí wákàtí náà tó pé, òórùn ti rá.

Owó tí ó gbà kò tó nǹkan, ó sì bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ife omi yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju òje lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí ó ti ṣe jẹ́ tí ẹ̀kún ọwọ́ omi kan lè dá ohun tí ọṣẹ àti lọ́fínńdà kò lè dá dúró padà, ìwádìí náà sì gbé mi rékọjá òkun, ó gbé mi padà sí ọjọ́ tí ó ju igba ọdún lọ, ó sì fi àwọn ènìyàn kan hàn mí tí wọ́n bá òórùn jagun fún ìdí tí kò tọ̀nà, síbẹ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn tọ̀nà débi pé a kò tíì rí ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ títí di òní olónìí.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa kò mọ ohun tí ń jẹ́ òórùn síǹkì. Kì í ṣe pé omi ìwẹ̀ tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kí ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde sún mọ́ ibi tí wọ́n ń fi orí lélẹ̀ sí. Ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ ń wà, tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ògiri amọ̀ kúkurú yí i ká, tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu kí oòrùn lè máa wọlé kí atẹ́gùn sì máa jáde; òkúta wẹẹrẹ ni wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà rì sínú ẹrẹ̀, ihò kékeré kan ní ẹsẹ̀ ògiri ni omi sì ń gbà ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbìn síbẹ̀, nítorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í mumi yó. Bí ohun kan bá rùn nítòsí ilé, eérú ìdí ààrò ni wọ́n ń dà lé e lórí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á pé ní 1860, àlùfáà ìjọ kan ní Fordington, ní ilẹ̀ Dorset ní Gẹ̀ẹ́sì, Henry Moule lórúkọ rẹ̀, gba ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ń da erùpẹ̀ gbígbẹ sí dípò omi. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá àgbà kan rí níbi tí ó ti ń fi eérú bo ẹ̀gbin ọmọ ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò bá mi rín.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ló gba irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìlú bá fún, tí ilé ń fara ti ilé, tí kò sí ẹ̀yìnkùlé tí ó ṣẹ́kù fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, ènìyàn a gbé kòtò wá sábẹ́ ilé, a sì mú ẹnu kòtò wọ inú yàrá. Páìpù tí a fi so wọ́n pọ̀ kò mọ ẹni tí ń ṣe ọ̀gá: omi a gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀, òórùn a gba ibẹ̀ gòkè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará London nìyẹn, ó sì pẹ́ lára wọn. Ní 1596, Sir John Harington, ẹni tí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní jẹ́ ìyá ìsàmì fún, ti ṣe àpèjúwe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ń fi omi ṣàn, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú ọgbọ́n rẹ̀ tí yóò máa ṣọ́nà fún òórùn nígbà tí omi bá ti kọjá lọ tán. Ó sì tó nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún kí ẹnì kan tó ronú kan aṣọ́bodè náà.

Ẹni yẹn kì í ṣe púlọ́ńbà, kì í ṣe oníṣègùn. Aláago ni. Alexander Cumming, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó ń ṣòwò aago ní Bond Street ní London, ni ó ṣe aago kan fún Ọba George Kẹta ní 1765, aago tí ó ń ka wákàtí tí ó sì tún ń kọ ìwọ̀n ìwúwo afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ronú lórí bí a ti ń dá ohun tí ń lọ dúró díẹ̀ kí a tó tún tú u sílẹ̀, tí ó sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, bóyá òun ni ọ̀rọ̀ òórùn tọ́ sí jùlọ. Ní 1775 ó gba ìwé àṣẹ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi kan, nínú èyí tí ó ti tẹ páìpù ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì bí ọrùn lékeléke tí ó dúró ní etí odò. Gbogbo ọgbọ́n náà kò ju ìyẹn lọ. Omi tí a bá dà sílẹ̀ a sọ̀kalẹ̀, a gun òkè díẹ̀, a sì tún sọ̀kalẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí páìpù ti tẹ̀ kòtò, ìwọ̀nba omi a ṣẹ́kù tí kò ní ọ̀nà àtilọ, a sì jókòó síbẹ̀ bí ìlẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kò lágbára tó láti ti omi yìí sẹ́yìn. Bí omi tuntun bá dé, a lé ti àtijọ́ lọ, òun náà a sì gba ipò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọba kan ti ń wàjà tí òmíràn sì ń gorí ìtẹ́, tí ààfin kò sì ṣófo ní ọjọ́ kan.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín kí n tó tẹ̀ síwájú. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú ọ̀ràn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Thomas Crapper, ọ̀gá púlọ́ńbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n sì sábà máa ń sọ pé òun ni ó dá ohun gbogbo sílẹ̀. Ní 1836 ni wọ́n ṣe ìsàmì fún Crapper, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta lẹ́yìn tí Cumming ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀. Oníṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tún ilé ṣe kọ́ ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Bí ènìyàn bá rò pé gbogbo London sáré lọ tẹ ọrùn páìpù wọn ní 1776, kò mọ ìwà ọmọ aráyé. Àwọn olówó ni wọ́n ra ohun tuntun náà. Kòtò abẹ́ ilé ni àwọn yòókù ń lò, àwọn tí ń kó ẹ̀gbin lóru sì ń wá gbọ́n ọn lọ fún àgbẹ̀ ẹ̀yìn ìlú. Lẹ́yìn náà ni Edwin Chadwick dé, akọ̀wé ìjọba kan tí kì í gba "rárá" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, tí ó gbé ìwé ńlá kan jáde ní 1842 lórí ìgbé-ayé àwọn tálákà, tí ó sì di ìgbàgbọ́ mú gírígírí pé òórùn fúnra rẹ̀ ni àrùn, pé ẹni tí ó bá fa afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí símú ti fa ikú símú. Òun nìkan kọ́ ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ítálì tí wọ́n sọ ibà ní málaríà, "afẹ́fẹ́ burúkú" ni wọ́n pè é. Àwa náà ní ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí wọn, nítorí nígbà tí àjàkálẹ̀ bá dé, a máa ń sọ pé atẹ́gùn kan ló fẹ́ wọ ìlú. Chadwick àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá pàṣẹ pé kí a pa kòtò abẹ́ ilé run, kí a so gbogbo ilé mọ́ ihò abẹ́ títì, kí ẹ̀gbin kúrò lábẹ́ imú ènìyàn kíá. Ihò abẹ́ títì ń ṣàn sínú odò Thames. Inú odò Thames kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ omi ti ń fa omi tí ará ìlú ń mu.

Àrùn onígbáméjì tí ó jà ní 1848 sí 1849 pa ju 14,000 ènìyàn lọ ní London. Ní 1854 ó tún padà wá, ní àdúgbò Soho ó sì pa ju 600 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, níbi tí oníṣègùn kan, John Snow, ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí ó ń béèrè kànga tí olúkúlùkù ti ń pọn omi, títí ó fi rí i pé ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn òkú náà ń tọ́ka sí. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Omi ni, ó wí, kì í ṣe òórùn. Àwọn àgbàgbà ìlú gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbà, nítorí pé imú wọn ń sọ ohun mìíràn fún wọn.

Imú náà ni ó sì wá ṣe ohun tí òkú kò lè ṣe. Nínú oṣù kẹfà 1858, oòrùn mú ní London rékọjá bí ó ti yẹ, odò fà, ẹ̀gbin àwọn ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ sì jókòó sí bèbè rẹ̀ ó ń hó. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tuntun tí wọ́n fi owó gọbọi kọ́, etí odò gan-an ni ó wà. Wọ́n ri aṣọ fèrèsé bọ inú omi ẹfun oníkílórínì, irú èyí tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, wọ́n sì fi kọ́ láti dènà òórùn, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá ń fi àǹkáṣíìfù dí imú sá jáde nínú yàrá ìgbìmọ̀. Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé; ọdún yẹn ni Thames rán wọn létí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń fà nílẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, láàárín ọjọ́ méjìdínlógún ni Disraeli, tí ń ṣe olùtọ́jú àpò ìṣúra ìjọba nígbà náà, gbé e kalẹ̀ tí ó sì di òfin. A ò gbọ́ rí pé ìgbìmọ̀ kan yára bẹ́ẹ̀ nítorí òórùn ẹlòmíràn.

Joseph Bazalgette, ẹnjiníà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, gbẹ́ ihò oníbíríkì tí gígùn rẹ̀ tó máìlì 82 sí ẹ̀gbẹ́ odò náà láti gba ẹ̀gbin kí ó tó dé ibẹ̀, kí ó sì gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ odò lọ́nà jíjìn réré. Ní 1865 ni Ọmọ Ọba Wales ṣí ilé ẹ̀rọ Crossness. Ní 1868 ni ti Abbey Mills tẹ̀ lé e. Ní 1866 àrùn onígbáméjì tún ti gbìyànjú, ó pa ju 5,000 lọ ní ìlà-oòrùn London níbi tí iṣẹ́ Bazalgette kò tíì parí, láti ọjọ́ náà ni kò sì tún padà fi ìlú náà ṣe ilé mọ́. Ẹ wo bí ayé ti rí: nítorí òórùn ni wọ́n ṣe náwó, omi ni ó mọ́, omi mímọ́ sì ni ó gba ẹ̀mí là.

Nísinsìnyí ni a wá dé ọ̀dọ̀ síǹkì gan-an. Nígbà tí ihò abẹ́ ilẹ̀ ti wà kárí ìlú, tí ẹ̀rọ omi sì ti ń wọ inú yàrá, gbogbo onílé ń fẹ́ síǹkì ìfọwọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ àti báàfù ìwẹ̀ ní òkè àjà, àwọn ọmọ iṣẹ́ tí kò mọṣẹ́ sì ń so wọ́n mọ́ ihò títì láìtẹ ọrùn páìpù, tàbí kí wọ́n fi ìdérí onírin kan sí i tí ó dà bí agogo kékeré, èyí tí ọmọbìnrin ilé ìdáná lè ṣí kúrò bí omi kò bá tètè lọ, tí òun náà a sì gbàgbé láti dá padà. Ní 1871, Ọmọ Ọba kan náà tí ó ṣí Crossness lọ ṣe àlejò ọlọ́lá kan ní Scarborough, nígbà tí ó sì padà délé ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá a wólẹ̀. Ọlọ́lá mìíràn tí wọ́n jọ lọ kú, ọmọ iṣẹ́ tí ń tọ́jú ẹṣin kú, Ọmọ Ọba náà sì dé bèbè ikú ní ọdún kẹwàá gééré tí irú ibà bẹ́ẹ̀ pa bàbá rẹ̀. Ó yè é. Ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì mú gbogbo ilé olówó: bí afẹ́fẹ́ ihò ìdọ̀tí bá lè bá àrólé ọba lórí ibùsùn, ta ni yóò yọ?

Ìbẹ̀rù yẹn ni ó sọ púlọ́ńbà di ènìyàn pàtàkì. Ní 1877, Stevens Hellyer, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ púlọ́ńbà, kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ náà, ó sì gbógun ti irú páìpù kan tí àwọn baba ńlá iṣẹ́ náà ń fi òjé rọ, tí inú rẹ̀ fẹ̀ bí àpótí. Omi ń dúró nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbin náà ń dúró nínú igun rẹ̀, aṣọ́bodè fúnra rẹ̀ sì di olè. Ọ̀rọ̀ Hellyer ni pé kí ọrùn páìpù rí róbótó, kí ó má fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí agbára omi tí ń kọjá lè máa fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ni ó jinlẹ̀ jùlọ nínú gbogbo ìtàn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bazalgette ni wọ́n yà ère rẹ̀ sí bèbè Thames, tí ẹni tí ó mọ orúkọ Hellyer kò sì pọ̀. Àwọn púlọ́ńbà tún ṣàkíyèsí pé bí omi púpọ̀ bá ya lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú páìpù gígùn, a máa fa omi ọrùn náà mu, a sì fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba òkè òrùlé jáde kí atẹ́gùn lè máa wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá páìpù ń jò, ẹnì kan a gòkè lọ da òróró ewé míǹtì àti omi gbígbóná sí i láti òrùlé, ẹnì kejì a sì máa fi imú gbóòórùn kiri láti yàrá dé yàrá. Níbi tí míǹtì bá ti ta sánsán, ibẹ̀ ni òṣìkà wà. Ẹni tí ó da òróró náà kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ wọlé, nítorí pé òórùn míǹtì yóò bá a wọlé, yóò sì ba ìdánwò jẹ́.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí ìgbàgbọ́ Chadwick? Robert Koch fi kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn onígbáméjì hàn gbogbo ayé ní 1883 sí 1884. Ní 1887, Carnelley àti Haldane, onímọ̀ méjì tí wọ́n wọ inú ihò abẹ́ títì lọ láti gba afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò, kéde pé kòkòrò àìfojúrí tí ó wà nínú rẹ̀ kéré ju ti afẹ́fẹ́ òde lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi bẹ̀rù ọ̀tá tí kì í pani. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ pé kí a tú ọrùn páìpù kúrò, nítorí pé bí òórùn kò bá tilẹ̀ pani, ta ni ó fẹ́ máa bá a gbé?

Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, ìlú tí omi yí ká, ni ọgbọ́n yìí ti gba wọlé sí ọ̀dọ̀ wa, kò sì gba ọ̀nà kan náà. Sir William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà níbẹ̀ láti 1899 sí 1904, oníṣègùn ni. Ọdún méjì péré kí ó tó dé ni Ronald Ross ti rí i ní ilẹ̀ Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri, kì í ṣe afẹ́fẹ́ àbàtà, nítorí náà àbàtà tí MacGregor ń fà gbẹ, ẹ̀fọn ni ó ń lé níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀ràn omi ẹ̀rọ dé. Ní 1908, àwọn oníṣègùn wa méjì, John Randle àti Orisadipe Obasa, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti tako owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà, nítorí àwọn ará ìlú ní kànga àwọn tó àwọn, pé òyìnbó ni ó fẹ́ omi ẹ̀rọ, kí òyìnbó sanwó rẹ̀. Omi ẹ̀rọ láti Ìjù ṣàn dé Èkó nígbẹ̀yìn, láàárín 1910 sí 1916. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tí ó gba omi wọlé gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí yóò gbà jáde, ibẹ̀ sì ni ìjọba ti dákẹ́. Ihò abẹ́ títì bí ti Bazalgette kò kárí Èkó títí di òní. Nígbà náà, agbépòó ni ó ń ru garawa ẹ̀gbin kọjá lóru, tí gbogbo ìlẹ̀kùn ń tì gbàgà bí ó bá ń bọ̀. Gọ́tà gbangba ni omi ìwẹ̀ ń bá lọ. Nígbà tí ó sì yá, kálukú gbẹ́ sọ́kàwéè tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé kí a tó gba òmìnira kò ní gbàgbé wolé-wolé. Lẹ́yìn tí àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, iṣẹ́ wọn di kíkankíkan, pàápàá lábẹ́ Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, ẹni tí ó di ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ìlera Èkó ní 1936. Pẹ̀lú kákí àti ìwé lọ́wọ́ ni wolé-wolé fi ń wọ agboolé, a ṣí àmù wò, a wo ẹ̀yìn ilé, bí ó bá sì rí tanwíjí kan ṣoṣo nínú omi, onílé dé kóòtù. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé omi tí ó dúró ń bí àrùn. Ẹ̀kọ́ rere ni, àwa tí a gbà á sí àyà kò sì tètè lè lóye pé omi kan wà lábẹ́ síǹkì tí dídúró rẹ̀ gan-an ni ìlera. Mo mọ onílé kan tí ó bá púlọ́ńbà jà, tí ó ní kí ó na páìpù náà ní títọ́ kí omi má baà "sùn" síbẹ̀. Púlọ́ńbà gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ilé náà rùn títí ó fi tà á.

Ní báyìí tí púpọ̀ nínú wa ti ní síǹkì mẹ́ta, mẹ́rin nínú ilé kan, oríṣi òórùn méjì ni ó ń yọ wá lẹ́nu, oògùn ọ̀kan kò sì wo èkejì. Àkọ́kọ́ ni ti ọ̀fun gbígbẹ. Omi tí ń ṣọ́nà yìí kò jìn ju íǹṣì méjì sí mẹ́ta lọ, síǹkì tí a kò bá sì lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ti lá a gbẹ. Èkejì ni ti inú ọ̀fun náà: ọṣẹ, irun, itọ́ àti ọṣẹ ìfọyín a para pọ̀ di ọ̀bọ̀n dúdú, kòkòrò àìfojúrí a sì máa jẹ ẹ́, wọn a máa tú afẹ́fẹ́ tí ń rùn bí obu ẹyin jáde. Ọ̀bọ̀n yìí a tún máa farapamọ́ sínú ihò kékeré etí síǹkì tí ń gba omi àkúnwọ́sílẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọ̀ láé. Ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ni oògùn rẹ̀: kí a tú ọrùn páìpù náà, kí a gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, kí a fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi tí ó gbóná díẹ̀. Sódà àti ọtí kíkan tí àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ sínú ihò a máa hó, a máa pariwo, ṣùgbọ́n wọ́n ń pa agbára ara wọn ni. Ọ̀kan tí a kò gbọdọ̀ dánwò ni kí a da ọtí kíkan pọ̀ mọ́ kẹ́míkà tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde níbẹ̀, òun kì í sì í ṣe òórùn tí ń dẹ́rù bani lásán.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa àwọn arúgbó London tí a ti ń rẹ́rìn-ín. Ní 2003, nígbà tí àrùn SARS jà ní Hong Kong, ó mú ju 300 ènìyàn lọ nínú ọ̀wọ́ ilé alájà gíga kan tí ń jẹ́ Amoy Gardens, 42 sì kú nínú wọn. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ rí i pé aláìsàn kan ti lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, pé aṣọ ni àwọn onílé fi ń nu ilẹ̀ balùwẹ̀ wọn dípò kí wọ́n da omi sí i, omi ọrùn páìpù ilẹ̀ wá gbẹ, fáànù balùwẹ̀ sì ń fa afẹ́fẹ́ páìpù náà àti ohun tí ó gbé wá láti yàrá dé yàrá. Àṣìṣe Chadwick ni pé ó fi òórùn ṣe apànìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òórùn ń gbà, ohun mìíràn náà lè gbà á.

Balùwẹ̀ àlejò mi kò tún rùn mọ́. Ní gbogbo Sátidé, kí n tó fọ eyín, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ife omi kan.